Ohun tó ń gbé hẹlikọ́pítà sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí ẹ́ńjìnnì hẹlikọ́pítà bá fi lè kú lókè, ó parí nìyẹn. Wọ́n á ní bàálù ńlá ṣì ní apá tó nà sọ́tùn-ún àti sósì, ó lè fi rábàbà díẹ̀ kó tó kanlẹ̀, hẹlikọ́pítà ńkọ́? Irin gbọọrọ tó ń yí lórí ló ní, bí ohun tó ń yí i bá sì ti dákẹ́, kí ló kù? Tí ìròyìn bá wá jáde pé awakọ̀ kan gbé hẹlikọ́pítà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú balẹ̀ sínú oko, tí òun àti èrò rẹ̀ sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde, ẹ dé ìdí tábìlì oníwèé ìròyìn ní Post Office, Ìlọrin, kí ẹ gbọ́ àríyànjiyàn. Àwọn kan á ní irọ́ ni. Àwọn kan á ní àdúrà ìyá rẹ̀ ló gbà.

Mi ò bá àdúrà jà o. Ṣùgbọ́n ohun tí awakọ̀ náà ṣe, kò sí ẹni tó ń gba ìwé àṣẹ láti wa hẹlikọ́pítà tí wọn kì í kọ́ ọ, wọ́n á sì mú un ṣe é lójú olùkọ́ léraléra títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Ó ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni pé a rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń gbé hẹlikọ́pítà dúró. Kì í ṣe òun. Àwọn irin gbọọrọ orí rẹ̀ yẹn, tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní fáànù, apá ni wọ́n, apá gidi bíi ti bàálù. Bí wọ́n bá gé e lábùú, ìrísí kan náà lẹ máa rí: iwájú rẹ̀ sanra, ẹ̀yìn rẹ̀ tínrín. Ohun tó ń mú apá gbé ẹrù ni afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá lára rẹ̀. Bàálù ní láti sáré síwájú kó tó rí afẹ́fẹ́ yẹn. Ti hẹlikọ́pítà, ọkọ̀ lè dúró sójú kan, apá rẹ̀ ló ń sáré yípo. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kò ju kó máa yí apá náà lọ. Bí nǹkan mìíràn bá lè bá a yí i, apá ò ní béèrè pé ta ni.

Nǹkan mìíràn ọ̀hún ni afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, òkè ni afẹ́fẹ́ ti ń gba àárín apá wá sísàlẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà yí padà: afẹ́fẹ́ á máa ti ìsàlẹ̀ gba àárín apá lọ sókè, bó sì ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá ló ń tì í yí. Gíga tí ọkọ̀ wà ló di epo rẹ̀ báyìí. Ó ń ná an díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ mẹkáníìkì á ti béèrè pé ṣé ẹ́ńjìnnì tó kú kò ní di ohun tó so mọ́ ọn mú ni. Ìbéèrè tó yè kooro ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi kílọ́ọ̀ṣì kan sáàárín méjèèjì, tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà mú. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ irú ẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí pẹ́dà, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ò dúró, ó ń sáré lọ, ìró tíkí-tíkí-tíkí yẹn nìkan ló ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kílọ́ọ̀ṣì yìí rí. Ẹ́ńjìnnì tó yè lè yí apá, èyí tó kú kò lè dá apá dúró. Apá kékeré tó ń yí ní ìrù ọkọ̀ náà, ara apá orí ló so mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí apá orí bá ṣì ń yí, ti ìrù náà á máa yí, awakọ̀ á sì lè fi ẹsẹ̀ darí imú ọkọ̀ rẹ̀ síbi tó bá fẹ́.

Èyí kì í ṣe àbá orí ìwé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1923 ni ọkọ̀ òfúrufú kan tí ọmọ Sípéènì tó ń jẹ́ Juan de la Cierva ṣe gbéra nílẹ̀ nítòsí Madrid, tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí apá orí rẹ̀ rárá nínú òfúrufú. Ẹ́ńjìnnì iwájú kàn ń fà á lọ ni, afẹ́fẹ́ ló ń yí apá. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1939, ni Igor Sikorsky tó gbé hẹlikọ́pítà VS-300 tirẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Apá tí afẹ́fẹ́ ń yí ti wà kí ọ̀pọ̀ hẹlikọ́pítà tí a mọ̀ lónìí tó wà.

Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni ti ọmọ Faransé kan, Jean Boulet. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1972, ó gbé hẹlikọ́pítà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Lama gun òkè títí dé mítà 12,442. Ibi tí àwọn bàálù ńlá tó ń kó àwọn alálàájì wa lọ Mẹ́kà máa ń fò sí nìyẹn, tàbí kó tiẹ̀ ga jù ú lọ. Bó ṣe fẹ́ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù kó lè máa sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kú, kò sì ṣeé tan mọ́. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ló bá a yí apá. Ó balẹ̀ láàyè. Ẹni tó bá tún sọ pé hẹlikọ́pítà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í balẹ̀ dáadáa, ẹ bá mi sọ ti Boulet fún un.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó le sí.

Hẹlikọ́pítà kékeré ni mo ń bá bọ̀, irú Robinson R22 tó ń gbé ènìyàn méjì tàbí R44 tó ń gbé mẹ́rin. Apá méjì péré ló wà lórí wọn, ti R22 sì ń yí ju ìgbà 500 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n apá náà fúyẹ́, ohun tó fúyẹ́ kì í pẹ́ dúró bí ohun tó ń yí i bá ti fi í sílẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, apá ṣì dagun sí afẹ́fẹ́ bó ṣe dagun nígbà tó ń gbé ẹrù, afẹ́fẹ́ á wá máa fà á sẹ́yìn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì ni awakọ̀ ní láti ti ọ̀pá ọwọ́ òsì rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pá yẹn ló ń pinnu bí apá ṣe dagun tó. Bó bá tì í sílẹ̀, apá á tẹ́jú, afẹ́fẹ́ á ráyè yí i. Bó bá pẹ́ jù, apá á máa lọ́ra títí afẹ́fẹ́ ò fi ní lè gbé e mọ́, bó bá sì ti dé ibẹ̀, kò sí ọgbọ́n tó lè dá a padà. Họ́ọ̀nù kan wà nínú R22 tó ń ké nígbà tí yíyí apá bá ti wálẹ̀ dé ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo bí àyè àṣìṣe ṣe kéré tó.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara ènìyàn lòdì sí i. Ẹni tó bá rí i pé òun ń já bọ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ni kó fa nǹkan sókè. Kó wá jẹ́ pé títì í sílẹ̀ lohun tó kàn, kí ọkọ̀ tún máa yára sọ̀ kalẹ̀ sí i! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìdánrawò yọ awakọ̀ lẹ́nu.

Ká wá ní ó ṣẹlẹ̀ nílé níbí. Hẹlikọ́pítà kékeré kan ń ti Ìlọrin lọ sí Òmù-Àrán, ó ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sókè ilẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 300 mítà. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Imú ọkọ̀ yà lójijì nítorí pé agbára tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń bá jà tẹ́lẹ̀ ti lọ. Ó ti ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tún imú ṣe, ó sì mú ìyára ọkọ̀ dúró sí nǹkan bíi 120 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Láti ibi tó wà yìí, ó lè má tó ìdajì ìṣẹ́jú tó kù kó kanlẹ̀, bó bá sì pẹ́ tó, kò ju 40 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ibi tó jìnnà jù tó lè dé kò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà kan lọ. Ìlú Òrò tó wà níwájú jìnnà sí i, Ìlọrin tiẹ̀ ti kúrò lọ́rọ̀. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni pápá ọkọ̀ òfúrufú tirẹ̀.

Kí ló wà nílẹ̀ níbẹ̀? Igi ẹ̀mí àti igi igbá wà káàkiri, kì í ṣe igbó dídí, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan tó láti gé apá ọkọ̀. Títì ọlọ́dà wà, ó tẹ́jú, ó sì ń wu ojú. Mọ́tò àti ọ̀kadà ò ní yà fún un, wáyà iná sì sábà máa ń bá títì rìn. Láti òkè, wáyà kì í hàn. Òpó ni awakọ̀ ń wá. Bó bá ti rí òpó méjì, ó gbà pé wáyà wà láàárín wọn. Oko iṣu wà, ibẹ̀ ló tan èrò ọkọ̀ jẹ jù. Ebè ò hàn bí nǹkan kan láti òkè, ó kàn dà bí ilẹ̀ tí wọ́n fi àmì sí lára ni. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ irin hẹlikọ́pítà bá kan ebè nígbà tó ṣì ń sáré síwájú, ebè á di ẹsẹ̀ mú, ọkọ̀ á sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí kò bá ní ibòmíràn tó sì gbọ́dọ̀ balẹ̀ síbẹ̀, àfi kó pa gbogbo eré síwájú kó tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Bó bá jẹ́ oko tí wọ́n kọ poro sí, poro ni kó bá lọ, kó má dá a ní ìbú. Oko ọkà bàbà tí wọ́n ti kórè, pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀ tí iná ọdún ti jó, ìwọ̀nyí ni ojú awakọ̀ ń wá.

Ó tún ń wá èéfín. Ibi tí èéfín oko tí wọ́n ń sun bá kọrí sí ló máa sọ fún un ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, eré tó máa bá kanlẹ̀ á pọ̀. Láàárín gbogbo èyí ni yóò ké “Mayday”, ìyẹn igbe “ẹ gbà mí” ti àwọn awakọ̀ òfúrufú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sórí rédíò, bó bá ráyè. Bí kò bá ráyè, kó jẹ́ kí rédíò dákẹ́. Wọ́n kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ ná.

Bó ku nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40, tó ga tó ilé alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, awakọ̀ á gbé imú ọkọ̀ sókè. Nǹkan mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: eré síwájú á wálẹ̀, bíbọ̀ nílẹ̀ á falẹ̀, apá orí á sì tún yára yí sí i nítorí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8, á tẹ́ ọkọ̀ padà kí ìrù má baà gbálẹ̀. Ìgbà yìí ló tó wá fa ọ̀pá ọwọ́ òsì sókè. Apá á dagun, á gbé ọkọ̀ ró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á ná gbogbo yíyí tó kù lára rẹ̀, ọkọ̀ á sì jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ní. Bó bá fà á ní ẹsẹ̀ bàtà 25, yíyí á tán nígbà tí ilẹ̀ ṣì jìnnà, ibi tí ẹ̀yìn èrò ti ń dá nìyẹn.

Látinú èyí lẹ máa rí ohun kan tó yí èrò àwọn ènìyàn padà: hẹlikọ́pítà tó ga lókè sàn ju èyí tó rọra dúró sókè orí ilé lọ. Èyí tó ga ní gíga láti ná, èyí tó ń sáré síwájú ní eré láti ná. Èyí tó dúró sójú kan ní ẹsẹ̀ bàtà 100 tàbí 200 kò ní èkíní, kò ní èkejì. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú níbẹ̀, apá ò ní ráyè gba afẹ́fẹ́ kó tó kanlẹ̀. Ìwé gbogbo hẹlikọ́pítà ní àwòrán kan tó ń fi ibi tí kò dára kí awakọ̀ dúró sí hàn, gíga báyìí pẹ̀lú eré báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ háyà hẹlikọ́pítà kó lè dúró sókè òde ìgbéyàwó rẹ̀ kí wọ́n fi ya fídíò, kó kọ́kọ́ ní kí awakọ̀ fi àwòrán yẹn han òun. Dúróònù wà, kò sì gbé ènìyàn.

Kí ló tiẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì? Ó lè jẹ́ pé epo tán, ó lè jẹ́ pé omi wọnú epo (ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa díẹ̀ sínú ike láràárọ̀ láti wò ó), irin inú lè kán. Àmọ́ èyí tí àwa ará ilẹ̀ olóoru kì í gbà gbọ́ ni yìnyín. Hẹlikọ́pítà kékeré tó ń lo káburétọ̀ lè di yìnyín lọ́nà ọ̀fun ní ọjọ́ tí ara ń gbóná àwa tí a wà nílẹ̀. Bí epo ṣe ń di oruku nínú káburétọ̀ tí afẹ́fẹ́ sì ń fún ara rẹ̀ gba ibi tóóró, ibẹ̀ á tutù gan-an, ó lè fi ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tutù ju ìta lọ. Bí ìta bá jẹ́ ìwọ̀n 24, tí afẹ́fẹ́ sì kún fún ọ̀rinrin, omi inú rẹ̀ á dì sára irin, á sì máa dí ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìgbà ọyẹ́ ló yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù ẹ̀, ọyẹ́ gbẹ. Kò gbé omi lọ́wọ́. Òwúrọ̀ oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn òjò ní Ìlọrin, tí ara ò tutù, tí ara ò gbóná, ìgbà yẹn gan-an ni. Ọ̀pá kékeré kan wà tí awakọ̀ ń fà tó ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná wọ káburétọ̀, ó sì yẹ kó fà á kó tó di pé nǹkan bàjẹ́.

Ti ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀, eruku ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2019, hẹlikọ́pítà tó gbé igbákejì ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ṣubú nígbà tó ń balẹ̀ ní Kàbbà, nítòsí wa níbí. Gbogbo wọn ló jáde láàyè. Ẹ́ńjìnnì ò kú o. Afẹ́fẹ́ apá rẹ̀ ló gbé eruku pápá sókè tí ó bo awakọ̀ lójú. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti ẹ́ńjìnnì tó kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni gbogbo wa ń pè é nínú ìròyìn.

Ó ku àwa tí a wà nílẹ̀. Bí ẹ bá wà lóko tẹ́ ẹ rí hẹlikọ́pítà tó ń bọ̀ nílẹ̀ kíákíá, tí ẹ́ńjìnnì ò dún, tó jẹ́ pé ìró apá rẹ̀ tó ń gbá afẹ́fẹ́ nìkan lẹ̀ ń gbọ́, ẹ má sáré bọ́ sí gbangba láti wò ó. Gbangba náà ni awakọ̀ ń dojú kọ, kò sì ní agbára láti yí èrò padà mọ́. Ẹ dúró sídìí igi. Ẹ kó àwọn ọmọdé mọ́ra. Bó bá ti balẹ̀, apá orí lè ṣì máa yí fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè tẹ̀ wálẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ nígbà tó bá ń lọ́ra. Ẹ dúró títí á fi dákẹ́ pátá. Kẹ́ ẹ tó súnmọ́ ọn, iwájú ni kẹ́ ẹ gbà, níbi tí awakọ̀ ti lè rí yín; ẹ má gba ọ̀dọ̀ ìrù, apá kékeré ibẹ̀ kì í hàn sójú bó bá ń yí. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Ẹ pe 112.

Àwọn olùṣèwádìí láti NSIB, ọ́fíìsì ìjọba tó ń wá ìdí ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú, á fẹ́ bá gbogbo nǹkan níbi tó ti dúró, àní àpá ẹsẹ̀ irin lórí ebè. Wọ́n á fẹ́ mọ bóyá omi wà nínú epo, bóyá epo tiẹ̀ kù nínú táǹkì rárá. Nítorí náà, bí bẹntiróòlù ti wù kó wọ́n tó lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má gbé kẹ́ẹ̀gì wá láti fà á.